Èèpo Ọ̀dùnkún

Òjò Greenock kì í rọ̀ kó dá.
Ó kàn ń mí síni lára láti òwúrọ̀ dalẹ́,
bí àgbàlagbà tó ń tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ.
Ọjọ́bọ̀ ni. Mo ti ṣí gbọ̀ngàn ìjọ,
mo ti tan hítà tó máa ń húkọ́ kó tó gbóná,
mo ti to ago mọ́kànlá sórí tábìlì.
Obìnrin mẹ́sàn-án ló ń bọ̀.
Ọ̀kan nínú méjì tó kù, tèmi ni,
ìkejì, ti ẹni tí kò tíì pinnu bóyá òun á wá.

Àlùfáà Abercrombie ní ká má pè wọ́n ní ọ̀daràn,
ó ní ká máa pè wọ́n ní àlejò.
Senga ní òun kọ́, òun kì í ṣe àlejò ẹnikẹ́ni,
orúkọ ni ìyá òun sọ òun.

Ó wọ bàtà òjò.
Lókè bàtà, ní ọrùn ẹsẹ̀, nǹkan dúdú kan ń ṣọ́ ọ,
ó rí bí aago ọwọ́
tí kì í sọ àkókò fún ẹnikẹ́ni àfi ìjọba.

Mo ti mọ̀ ọ́n kó tó ṣí fìlà.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù nígbà kan, ní ìsàlẹ̀ òkè,
níbi tí ojú ti ń rí odò Clyde:
ìwé ìròyìn, súìtì, bátìrì.
Mílíìkì ọmọ ọwọ́, agolo méjì, nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ,
lábẹ́ ọmọ tó ń sùn.
Èmi ni mo tẹ ọlọ́pàá láago.
Èmi ni mo wọ kóòtù mi tó nípọn lọ sí kóòtù,
tí mo ní, ìgbà kẹta nìyí, olúwa mi.
Ìgbà karùn-ún ni.
Mo ti fi méjì jì í, kò mọ̀.

Adájọ́ wo ìwé, ó wo ọmọ,
ó ní kí wọ́n má tì í mọ́lé,
kó máa sùn nílé, kó máa wá sọ́dọ̀ àwọn ìjọ.
Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́: inú bí mi.
Mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo ń ka agolo orí àtẹ
bí ẹni tó lá àlá pé eyín òun já.

Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí,
ká fi tòsì fà á mọ́ra.
Wọn ò sọ bí ọwọ́ méjèèjì ṣe jìnnà síra tó.
Tèmi gba odindi ìgbà òtútù kan.

Ó jókòó tì mí. Ọ̀bẹ méjì, abọ́ omi kan,
òkìtì ọ̀dùnkún fún ọbẹ̀ àwọn arúgbó.
Ó ń bó o fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èèpo ń gùn, kò já.
Kò wojú mi. Ó ní,
"Ẹ ti ti ṣọ́ọ̀bù yẹn pa."
"Owó iná ni."
"Kì í ṣe torí mílíìkì?"
Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ọ̀bẹ yọ̀, ó gé mi ní àtàǹpàkò.
"Ìgbà mẹ́ta ò lè ti ṣọ́ọ̀bù pa, ọmọ yìí."
Ó ní, "Ìgbà mẹ́sàn-án ni."

Mo ṣírò ọ̀rọ̀ náà sínú omi abọ́:
mẹ́ta fún kóòtù,
méjì fún èmi nìkan,
mẹ́rin tí Ọlọ́run ti ń dá gbé kiri láti ọjọ́ yìí.
Kó tó yé mi tán ó ti tú báàgì,
ó fi báńdéèjì ọmọdé, tí wọ́n ya pẹ́pẹ́yẹ sí,
wé mi níka.
Kò tọrọ àyè.

Ní aago méje, dandan ni kó wà nílé.
Aago mẹ́fà ààbọ̀ lù, bọ́ọ̀sì ò dé.
Mo mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.
A ò sọ̀rọ̀ lọ́nà. Wáípà ló ń sọ̀rọ̀.
Ó ku ìṣẹ́jú méjì nígbà tó sọ̀ kalẹ̀;
kò dúpẹ́, ó sáré.

Lẹ́yìn gíláàsì ilẹ̀kùn, ọmọ náà ti ń dìde dúró,
ó di sókòtò ìyá rẹ̀ àgbà mú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì.
Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ń wò ó.
Kò síbi tí mo ti lè rí mílíìkì mi
tí n kò ní dá a mọ̀.